Ọ̀sẹ̀ pàṣípààrọ̀ ní Bologna

Ọjọ́ Àìkú

Ọ̀sán ni ọkọ̀ òfurufú wa balẹ̀ ní pápákọ̀ Guglielmo Marconi ní Bologna, ní Ítálì, lẹ́yìn tí a ti wọ ọkọ̀ mìíràn ní Istanbul. Ọkọ̀ kékeré kan tó ń rìn lórí irin, tí kò ní awakọ̀, ló ń kó èrò láti pápákọ̀ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin tó wà nínú ìlú. Ìṣẹ́jú bíi méje péré ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ni mo kọ èyí fún, kí ẹnikẹ́ni má dẹ́rù bà wọ́n. Kí èèyàn tó kúrò nílé ni wàhálà pọ̀ sí.

Ìwé ìṣirò owó báńkì, ìwé ìpè láti yunifásítì tó fẹ́ gbàlejò, ìwé àṣẹ láti ibi iṣẹ́, ìṣúránsì ìlera tí kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 euro: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa béèrè kí wọ́n tó fún èèyàn ní físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí èèyàn fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Òfin ní kí wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ 15, àmọ́ ó lè di ọjọ́ 45 bí wọ́n bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò sí i. Ẹni tó ń lọ fún ọ̀sẹ̀ kan àti ẹni tó ń lọ fún oṣù mẹ́ta, ìwé kan náà ni wọ́n ń kó jọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá yàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìwé ìpè bá dé ọwọ́ yín.

Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì wa ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lábẹ́ ètò Erasmus+, ìyẹn ètò pàṣípààrọ̀ ẹ̀kọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òṣìṣẹ́ lè lọ kọ́ni níbòmíràn, ó sì lè lọ kọ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ẹni tó ti ìta Yúróòpù wá gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ márùn-ún, ó kéré tán, láìka ọjọ́ ìrìn-àjò. Èmi wá kọ́ iṣẹ́. Ìbéèrè kan ni mo gbé dání: kí ló dé tí ọmọ wa á lọ, á jókòó ṣe ìdánwò, á yege, á padà dé, tí ohun tó kọ́ kò ní hàn nínú ìwé èsì rẹ̀ nílé?

Ọjọ́ Ajé

Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, síbẹ̀ fáìlì mi kò tutù. Púpọ̀ nínú ẹ̀bá títì àárín ìlú yìí ló ní òrùlé lórí, òpó ló gbé e dúró, láti ojúlé dé ojúlé. UNESCO kọ àwọn òrùlé olópòó yìí mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2021. Abẹ́ wọn ni mo gbà títí mo fi dé Via Zamboni, níbi tí ọ́fíìsì gíwá yunifásítì wà nínú ilé tí wọ́n ń pè ní Palazzo Poggi.

Àárọ̀ títí di ọ̀sán, orí ìṣirò kírẹ́díìtì la wà. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ti ń dojú rú. Ní Yúróòpù, kírẹ́díìtì tí wọ́n ń pè ní ECTS ni wọ́n ń kà, odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan sì jẹ́ 60. Gbogbo làálàá akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kó sínú rẹ̀: ìjókòó kíláàsì, ìwé tó kà nílé, iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe wá, ìmúrasílẹ̀ ìdánwò. Ní Ítálì, wákàtí 25 irú làálàá bẹ́ẹ̀ ni kírẹ́díìtì kan. Yúnìtì là ń kà ní Nàìjíríà ní tiwa, wákàtí tí olùkọ́ fi dúró níwájú kíláàsì la sì fi ń wọ̀n ọ́n: wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15, ni yúnìtì kan. Ìwé tí ọmọ fi gbogbo òru kà kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá.

Ẹni tó bá wá ní yúnìtì kan jẹ́ kírẹ́díìtì kan ti ṣì í. Ká ní ọmọ Ítálì kan wá sọ́dọ̀ wa fún sáà kan, tó ṣe yúnìtì 20, kírẹ́díìtì 20 ni yóò gbé padà sílé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó sílé ti ní 30. A ti rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn. Odindi ọdún ló yẹ ká máa wò. Bí ẹ̀ka kan bá ní yúnìtì 40 lọ́dún, 40 yẹn ni yóò dúró fún 60 tiwọn, yúnìtì kan á sì jẹ́ kírẹ́díìtì kan àti ààbọ̀. Kọ́ọ̀sì oníkírẹ́díìtì mẹ́fà tí ọmọ wa bá ṣe ní Bologna á di yúnìtì mẹ́rin bó bá délé. Mo ti rí fáìlì tí wọ́n kọ mẹ́fà sí fún irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí èyí tí wọ́n kọ méjì sí. Ẹni tó kọ ọ́ ló kàn fi ojú wọ̀n ọ́n.

Máàkì tún le ju ìyẹn lọ. Orí 30 ni wọ́n ti ń gba máàkì ìdánwò kọ̀ọ̀kan níbí, 18 ni wọ́n fi ń yege, ẹni tó bá sì tayọ á gba èyí tí wọ́n ń pè ní 30 e lode, ìyẹn 30 pẹ̀lú ìyìn. Ẹ ṣe ìṣirò 18 lórí 30, ẹ ó rí i pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nílé, B ni 60. Ní Bologna, ẹni tó gba 18 kàn rí ọ̀nà yọ ni. Bí a bá fi ìdá ọgọ́rùn-ún gbé máàkì láti ibì kan sí ibì kejì, a ó fún ẹlòmíràn ní ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún. Àtẹ ni àwọn ará ibí ń lò. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á ṣírò iye akẹ́kọ̀ọ́ tó gba máàkì kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún bíi mélòó kan. Bí ọmọ bá wà nínú ìdá mẹ́wàá tó ga jù lọ níbí, ibi tí ìdá mẹ́wàá tó ga jù lọ wà nílé ni wọ́n á gbé e sí.

Mo béèrè bí ó ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó ṣe àtẹ tiwọn. Obìnrin tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é láti inú èsì tó ti wà nílẹ̀. Èsì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. Kò sí ohun tó ń dá wa dúró àyàfi pé ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé níbí ti dúró dè mí níwájú ilé ìkàwé. Ọ̀kan kúnlẹ̀ sórí òkúta títì bó ṣe rí mi, mo tètè ní kó dìde. "Ẹ kú ewu ọkọ̀ mà. Ilé ńkọ́ mà?" Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Orúkọ orí fáìlì ni wọ́n jẹ́ sí mi fún oṣù púpọ̀, ojú wọn rèé.

Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ju oṣù mẹ́ta lọ ní Ítálì gbọ́dọ̀ béèrè fún permesso di soggiorno láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ tó bá wọ̀lú. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba àpò fọ́ọ̀mù rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á fún èèyàn ní ọjọ́ tí yóò lọ tẹ̀ka lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ní Questura. Ẹ gba codice fiscale náà kíákíá, nọ́ńbà owó orí tí wọ́n máa ń béèrè bí èèyàn bá fẹ́ gba ilé tàbí kó ṣí àkáǹtì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ilé ìfìwéránṣẹ́ yẹn bí ẹ ṣe ń tọ́jú pásípọ́ọ̀tù, nítorí òun lẹ ó máa fi hàn títí ìwé gan-an yóò fi jáde.

Ilé gbígbé ló le jù. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ìlú yìí, yàrá kò sì tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kí ẹ tó gba físà, ẹ má sì fi owó ránṣẹ́ sí onílé tí ẹ kò rí, tí ẹnì kan tí ẹ mọ̀ kò sì bá yín rí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà sọ bí ìdánwò rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe lọ.

"Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é níbí mà. Wọ́n á pe èèyàn lórúkọ, èèyàn á lọ jókòó síwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn yòókù á sì máa gbọ́ láti ẹ̀yìn."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí gan-an mà. Mo dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ bó ṣe wà nínú nóòtì. Ó ní òun mọ ohun tó wà nínú nóòtì, kí ni èmi fúnra mi rò sí i? Mo dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tó yá, mo sọ èrò mi. Ó bá mi jiyàn, èmi náà sì bá a jiyàn."

"O bá ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó fún mi ní 26. Ó wá béèrè bóyá mo gbà á."

Lóòótọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ máàkì tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó tún ìdánwò náà ṣe ní ọjọ́ mìíràn. Ó gba 26 tirẹ̀. Mo wò ó bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ọmọ tó wá gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì mi tó ń wo ilẹ̀. Kò sí àtẹ tó lè gbé ìyẹn sílé, àmọ́ 26 yẹn, ó gbọ́dọ̀ délé.

Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn rèé. Ọmọ kan lọ láti ọ̀dọ̀ wa ní ọdún kan sẹ́yìn, orílẹ̀-èdè mìíràn ló lọ. Ó yege gbogbo kọ́ọ̀sì tó ṣe. Nígbà tó dé, ẹ̀ka rẹ̀ ní orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì náà kò bá tiwọn mu, kó lọ bẹ̀rẹ̀ sáà náà látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege, òun ṣì ń lọ sí kíláàsì. Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó béèrè pé ṣé ìjìyà ni pé ọmọ òun mọ̀wé ni. N kò ní èsì kankan láti fún un.

Ọjọ́rú

Wọ́n mú wa lọ sí Archiginnasio. 1562 sí 1563 ni wọ́n kọ́ ọ, kí gbogbo ẹ̀kọ́ yunifásítì tó fọ́n káàkiri ìlú lè wà lábẹ́ òrùlé kan. Ilé ìkàwé ìlú ló ń lò ó báyìí. Láti ìsàlẹ̀ ògiri títí dé àjà, àmì ìdílé ni: asà, ẹyẹ, kìnnìún, ilé ìṣọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, orúkọ ẹni àti ìlú tó ti wá lábẹ́ rẹ̀. Àmì àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ará ìlú wọn yàn ṣe olórí.

1088 ni wọ́n kà sí ọdún tí yunifásítì yìí bẹ̀rẹ̀, àwọn àlejò ló sì jẹ́ kó rí bó ṣe rí. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ òfin níbí kì í ṣe ọmọ onílùú, òfin ìlú kò dáàbò bò ó. Bí ọmọ ìlú rẹ̀ kan bá jẹ gbèsè tó sì sá lọ, òun tó kù ni wọ́n lè mú. Ọba ńlá Frederick Barbarossa ṣe òfin kan, ní nǹkan bí 1155 sí 1158, tí wọ́n ń pè ní Authentica Habita: ẹni tó bá rìnrìn àjò nítorí ẹ̀kọ́ á máa lọ, á máa bọ̀, ní àlàáfíà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mú un nítorí gbèsè ẹlòmíràn. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ nínú ọkàn mi. Ààbò akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú àdéhùn pàṣípààrọ̀ tí mo gbé wá yìí ti lé ní 800 ọdún tí wọ́n ti kọ́kọ́ ronú kàn án.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì dúró de ọba nìkan. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀: Citramontani ni àwọn ará Ítálì, Ultramontani ni àwọn tó ti òdìkejì òkè Alps wá, ará Jámánì, Faransé, Sípéènì, Gẹ̀ẹ́sì, Pólándì. Ẹgbẹ́ wọ̀nyí ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́, àwọn ló ń san owó rẹ̀, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé olùkọ́ tó bá pẹ́ dé.

Copernicus, ẹni tó wá sọ fún ayé pé ilẹ̀ ayé ló ń yí oòrùn po, wà lára irú wọn. Ó dé láti Pólándì ní 1496, ó forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ará Jámánì, òfin ló sì wá kọ́. Ó bá Domenico Maria Novara, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìràwọ̀, ṣiṣẹ́. Ní òru ọjọ́ 9 oṣù kẹta 1497, ó wo bí òṣùpá ṣe bo ìràwọ̀ Aldebaran mọ́lẹ̀. Ìwé òfin tó wá kà kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Èmi tí mo fẹ́ràn kí gbogbo kọ́ọ̀sì wà nínú ìwé kí ọmọ tó gbéra, èyí wọ̀ mí lára. Ó yẹ kí a fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé àdéhùn fún kọ́ọ̀sì kan tí ọmọ yóò fúnra rẹ̀ yàn bó bá débẹ̀.

Yàrá tí wọ́n ti ń la òkú wò láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn wà nínú ilé kan náà, igi ni wọ́n fi ṣe gbogbo inú rẹ̀. Bọ́ǹbù wó o ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 1944. Wọ́n ṣa igi àti ère rẹ̀ jọ láti inú àwókù, wọ́n sì tún un kọ́.

Ọjọ́bọ̀

Wọ́n fún mi ní wákàtí kan láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn sọ̀rọ̀, àwọn tó lè wá sọ́dọ̀ wa. Mo ti fẹ́ irú ààyè yìí tipẹ́. Àwọn tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ pọ̀ ju àwọn tó ń wá lọ, bó bá sì ń lọ bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ pè é ní pàṣípààrọ̀ fún? Àdéhùn ní ẹni tó bá lọ kò ní san owó ilé-ìwé níbi tó lọ. Ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ fún tiwọn bó ṣe ṣí fún tiwa.

Mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èdè Yorùbá, àárín àwọn tó ń sọ ọ́ ni kó ti wá kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí nípa ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu, Ìbàdàn ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà láti 1967. Ẹni tó bá ń ka iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ nínú ìwé, kó wá dúró níwájú rẹ̀.

Ìbéèrè wọn kò rọrùn. Ọmọkùnrin kan béèrè nípa kàlẹ́ńdà. Sáà àkọ́kọ́ tiwọn ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ìdánwò rẹ̀ bọ́ sí oṣù kìíní àti oṣù kejì. Tiwa ń sún síwá sẹ́yìn. Òmíràn ti kà nípa ìdáṣẹ́sílẹ̀ 2022, tí yunifásítì ìjọba fi wà ní títì fún oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá. Ó ní bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́hùn-ún ńkọ́? N kò bo ohunkóhun. Mo ní bí ó ṣe rí nìyẹn, a kò sì lè ṣèlérí pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Àmọ́ ọ̀nà wà. Nínú ètò Erasmus+, ẹ̀kọ́ kúkúrú kan wà tí wọ́n ń ṣe apá kan rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí akẹ́kọ̀ọ́ á sì wá fún ọjọ́ márùn-ún sí 30 péré, kírẹ́díìtì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé náà lè wá fún irú àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò nílò kí sáà wa bá tiwọn mu. Olùkọ́ kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ èdè dá mi dúró lẹ́yìn ìpàdé, ó ní òun á fẹ́ kí a jọ ṣe irú rẹ̀ lórí èdè olóhùn. Mo ti gba íméèlì rẹ̀.

Mo rántí University College Ìbàdàn lálẹ́ yìí. Láti 1948 tí wọ́n dá a sílẹ̀ títí di 1962, oyè London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà. Ìbàdàn ni wọ́n jókòó sí kàwé, London sì ka gbogbo rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ní orúkọ kọ́ọ̀sì kò bára mu nígbà yẹn. Ó ṣeé ṣe, bí àwọn méjèèjì bá ti jókòó jọ kọ ohun tí wọn yóò kọ́ni kí ẹnikẹ́ni tó wọ kíláàsì.

Ọjọ́ Ẹtì

Ìwé títọwọ́bọ̀ ló kún òní. Learning Agreement, ìyẹn ìwé àdéhùn kọ́ọ̀sì, ti ọmọ kọ̀ọ̀kan nílò ọwọ́ mẹ́ta: ti akẹ́kọ̀ọ́, ti ilé-ìwé tó rán an, ti ilé-ìwé tó gbà á. Ọwọ́ kejì yẹn ni ìlérí. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ ibẹ̀ ti ní kọ́ọ̀sì wọ̀nyí yóò dúró fún kọ́ọ̀sì báyìí-báyìí nílé. Lọ́dọ̀ wa, ọ́fíìsì mi ló máa ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ lórúkọ yunifásítì, ẹ̀ka tó ni ọmọ kò sì ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí ọmọ á fi padà dé. Ọ̀gá ẹ̀ka gan-an ló ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ níbí, lẹ́yìn tó bá ti fi kọ́ọ̀sì wé kọ́ọ̀sì. Mo rí ìdáhùn ìbéèrè tí mo gbé wá nìyẹn.

Ẹnì kan dárúkọ Sofia Corradi nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, gbogbo tábìlì sì dákẹ́ gbọ́. Ọmọ Ítálì ni. Ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Fulbright ti ìjọba Amẹ́ríkà lọ sí Yunifásítì Columbia ní New York, ó sì gba oyè másítà nínú òfin níbẹ̀. Nígbà tó padà dé Róòmù ní 1958, wọ́n ní àwọn kò ka ohun tó kọ́ lọ́hùn-ún sí. Kò fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọ̀wé, tó ń bá àwọn ọ̀gá yunifásítì àti òṣìṣẹ́ ìjọba sọ ọ́, títí Erasmus fi bẹ̀rẹ̀ ní 1987 pẹ̀lú orílẹ̀-èdè 11 àti akẹ́kọ̀ọ́ 3,244. Ohun tí wọ́n fi í ṣe gan-an ni wọ́n fi ọmọ wa ṣe. Mo sọ ìtàn ọmọ náà fún wọn. Obìnrin tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlejò béèrè ibi tó wà báyìí. Mo ní ó ti jáde, ó ń ṣiṣẹ́, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí pé mo wá. Ẹ má gbàgbé rẹ̀, ẹ̀yin tó ń bọ̀. Láìsí i, ìṣirò owó ètò kò ní parí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Àwọn ọmọ mú mi gun òkè San Luca. Ọ̀nà olórùlé ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́rin, ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun láàárín àwọn òpó rẹ̀ jẹ́ 666. A dúró sinmi lójú ọ̀nà, wọ́n ń ṣàlàyé fún mi ẹni tó máa ṣe ìdánwò wo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gba orúkọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kírẹ́díìtì rẹ̀, àti ẹ̀ka tó máa gbà á nílé.

Mo ti kọ lẹ́tà náà tán ní pápákọ̀, sí rẹjísírà àti alága ìgbìmọ̀ ìdánwò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ka máa tọwọ́ bọ Learning Agreement kí ọmọ tó gba físà, kí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ṣe àtẹ máàkì ọdún mẹ́ta tó kọjá, kí a sì fi iye yúnìtì ọdún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe ìṣirò dípò fífi ojú wọ̀n ọ́n. Mo fi fáìlì àwọn ọmọ tó wà ní Bologna báyìí tì í lẹ́yìn. Oṣù keje ni wọn yóò padà dé, ìgbìmọ̀ náà yóò sì jókòó kí oṣù yìí tó parí.